Ìpara tí Màmá Mi Ń Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Ẹ bá mi yọ̀ o! Láti àárọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí, mi ò sì lè dákẹ́. Àmọ́ tí mo bá kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi ń pariwo, torí ẹ ò mọ bí ọdún méjì tó kọjá ṣe rí. Ọdún méjì ni èmi àti màmá mi fi fa wàhálà lórí ojú mi. Ojú gan-an ni mò ń wí o, ojú tí irorẹ́ bò.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, agboolé wa ò jìnnà sí Ṣàpọ́n. Ìpara ni màmá mi ń tà. Kì í ṣe pé ó ń lọ rà á wá láti Èkó o, òun ló ń pò ó fúnra ẹ̀, nínú báàfù ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi bu omi. Tí ọmọge bá ń ṣègbéyàwó ní Kọ́bapẹ́, tí wọ́n fẹ́ kó tàn yanran lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ màmá mi ni wọ́n máa mú un wá. Ìyá Ìpara ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju Alhaja lọ.

Nígbà tí mo dé England, ìlú kékeré kan lápá òkè ibẹ̀, gbogbo èèyàn ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Òtútù ò ṣe mí ní nǹkan kan. Awọ ara mi ló yà mí lẹ́nu. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ mi ti funfun bíi ti ẹni tó rìn nínú eérú, ètè mi ń là. Ìgbà tó máa fi tó oṣù kan, irorẹ́ yọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó yọ síwájú orí, ó yọ sí àgbọ̀n. Èmi tí mi ò ní ju ẹyọ kan, ẹyọ méjì lọ ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì!

Mo pe màmá mi ní fídíò. Mi ò tíì kí i tán tó fi pariwo.

"Kí ló jẹ ẹ́ lójú?"

"Irorẹ́ ni, mà."

"Irorẹ́ wo ló rí báyìí? Ṣé wọn kì í para níbẹ̀ ni? Àwọn èèyàn á máa wò ẹ́, wọ́n á máa ní ọmọ ta nìyí. Ọmọ Ìyá Ìpara! Má dójú tì mí o."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ilé fi gbé ike funfun méjì wá fún mi. Wọ́n ti fi láílọ́ọ̀nù mẹ́rin wé e, wọ́n tì í sáàárín gàrí. Màmá mi fi bírò kọ "OJÚ" sórí ọ̀kan, ó kọ "ARA" sórí ìkejì.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni irorẹ́ yẹn fi rọ! Ojú mi mọ́ rekete. Mo bú sẹ́kún. Ojú nìkan kọ́ ni mò ń sunkún fún. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mò ń kí àwọn aládùúgbò, wọn kì í dáhùn, ìyàrá kan ṣoṣo ni mo wà látàárọ̀ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Ó wá dà bíi pé màmá mi na ọwọ́ láti Ṣàpọ́n, ó fọwọ́ pa mí lójú. Láràárọ̀ tí mo bá wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ lára mi, màá para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, màá máa gbóòórùn wa.

Àmọ́ tí ike bá tán, wàhálà dé. Ojú mi á máa ta mí bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lójú, irorẹ́ á padà wá, á kó àwọn àbúrò ẹ̀ dání. Màá pe ilé. Ike á dé. Irorẹ́ á rọ. Ike á tán. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ní ìyá.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi táwọn họ́tẹ́ẹ̀lì ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn wá. Dórótà lorúkọ ọ̀gá wa, ọmọ Poland ni, òun náà filé sílẹ̀ wá síbẹ̀ ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé àpò aṣọ tútù bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Nígbà tó yá, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tí mo dìde, òòyì á kọ́ mi. Orúnkún mi ò gbé mi. Ojú mi ń wú, ó ń rí roboto, ikùn mi ń yọ, apá mi àtẹsẹ̀ mi ń tínrín. Àwọn ìlà pupa là sí mi nítan. Oṣù mẹ́rin ni mi ò rí nǹkan oṣù mi.

Mo sọ fún màmá mi pé mò ń sanra lójú. Inú ẹ̀ dùn!

"Alihamudulilai! Ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbà ẹ́. Jẹ́ kí n rí i."

Mi ò jẹ́ kó rí i. Ike ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà yẹn ni, irorẹ́ ti kún ojú mi, mo bá fọwọ́ bo kámẹ́rà, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọwọ́ bò ó. Oṣù méje ni màmá mi ò fi rí mi sójú, ohùn mi nìkan ló ń gbọ́.

Nílé, tára èèyàn ò bá yá, ẹni mẹ́wàá á ti rí i kó tó lanu. Ẹnì kan á ní ojú ẹ pọ́n, ẹnì kan á ní o ò jẹun dáadáa, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ti gbé omi gbígbóná dé. Níbí, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́, o sì máa sọ ọ́ lédè wọn, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún ẹ. Mo máa ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ nínú bọ́ọ̀sì. Tí mo bá dé iwájú dókítà, ìdajì á ti fò lọ.

Dórótà ló fipá mú mi lọ, lọ́jọ́ tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín iṣẹ́ tí mi ò lè dìde. Obìnrin ni dókítà náà. Ó wo ojú mi, ó wo irun wẹ́wẹ́ tó hù sí mi lágbọ̀n, ó béèrè nǹkan oṣù.

"Ṣé o lóyún ni?"

"Rárá o! Èmi àti ta?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Oògùn wo lò ń lò?"

"Mi ò lo oògùn kankan."

"Àgbo ńkọ́? Oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún?"

"Dókítà, mo ní mi ò lo nǹkan kan."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pe ìpara ní oògùn? Oògùn ni ohun tí wọ́n ń gbé mì, tàbí èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún síni. Ọ̀rọ̀ ìpara dà bí ọ̀rọ̀ ọṣẹ, bí ọ̀rọ̀ kóòmù. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ó wá ṣàlàyé pé àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní họ́mónù, àwọn ló ń jíṣẹ́ káàkiri ara. Ó ní oríṣi kan wà tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin, pé tí ìyẹn bá pọ̀ jù lára obìnrin, ó lè fa irorẹ́, ó lè mú kó hu irùngbọ̀n, ó sì lè dá nǹkan oṣù dúró. Kó tó lè fún mi ní oògùn irorẹ́ tó lágbára, ó fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ mi ná. Ó ní kí n ṣì máa fi jẹ́ẹ̀lì kan pa ojú. Mo sì ń fi pa á lóòótọ́. Tí mo bá ti pa á tán, màá wá fi OJÚ ti màmá mi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní họ́mónù ọkùnrin ò pọ̀ rárá, ó tiẹ̀ kéré. Òmíràn tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù, tó ń fún èèyàn lágbára láti dìde láàárọ̀, tèmi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Wọ́n ní bóyá wọ́n ṣì í ṣe ni. Kí n padà wá, kó má kọjá aago mẹ́sàn-án àárọ̀, torí àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù lẹ́jẹ̀. Aago méje ni mò ń wọṣẹ́! Mo tún tọrọ àyè. Wọ́n tún gbà á, ó tún jẹ́ bákan náà. Lẹ́tà dé pé wọ́n máa ya àwòrán orí mi, bóyá nǹkan ń hù síbẹ̀. Oògùn irorẹ́ tí mò ń retí, wọn ò fún mi. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ á ní kí n ṣe sùúrù. Inú ń bí mi débi pé tí fóònù bá dún, màá kọ́kọ́ pòṣé kí n tó gbé e.

"Wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ tán ni," màmá mi wí. "Má máa sọ gbogbo nǹkan ẹ fún wọn o. Ṣé o ṣì ń para?"

"Mò ń para, mà."

Nígbà kẹta, nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ló gbẹ̀jẹ̀ mi. Ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi òwú lé e, ó lẹ pílásítà mọ́ ọn. Pílásítà yọ̀, ó bọ́. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà bọ́. Ẹ̀kẹta bọ́ sórí bàtà ẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo fi para?"

"Ìpara ni, mà."

"Ìpara wo?"

"Èyí tí màmá mi pò."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò béèrè rí.

Nọ́ọ̀sì yẹn gbé apá mi, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wo ojú mi dáadáa, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà dókítà fúnra ẹ̀ pè mí. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìpara yẹn, ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe Ṣàpọ́n.

"Ta ló fẹ́ mọ̀?" màmá mi béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ni?"

"Dókítà ló bi mí."

"Ẹn-ẹ́n! Dókítà ló fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àwọn oníìpara, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pò ó kì í jáde lẹ́nu wọn. Tí màmá mi bá fẹ́ pò ó, á ti ilẹ̀kùn. Èmi ọmọ tó bí gan-an, ìta ni mo máa ń dúró sí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo búra, kò gbà. Inú wá bí mi, mo sọ̀rọ̀ kan tó dùn ún.

"Àbí ti ọjà lẹ kàn ń fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Ti ọjà? Èmi? Ṣé orí mi dàrú ni? Tàwọn oníbàárà, tíúbù méjì ni mò ń fún sí i. Tìẹ, márùn-ún! Ọmọ mi ni ẹ́!"

Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára tíúbù náà fún mi. Ó wá awò ojú ẹ̀, ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo pè é síta fún dókítà, ó ní kí n tún un pè.

Oògùn ni. Oògùn líle ni, èyí tí dókítà ń fún èèyàn kó fi pa ibi kékeré kan lára fún ọjọ́ díẹ̀. Èmi fi para látòkè délẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tíúbù márùn-ún márùn-ún. Ó ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́tísọ́ọ̀lù. Ara mi rò pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti pọ̀ tó, àwọn nǹkan kéékèèké méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, tó yẹ kó máa ṣe é, bá káwọ́ gbera, wọ́n ń sinmi. Òun ló mú ojú mi wú. Òun ló lé nǹkan oṣù mi lọ. Irorẹ́ tí mò ń fi lé yìí kan náà, òun ló ń pè é padà. Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ló ba ojú mi jẹ́, ohun tí mo fi ń tọ́jú ojú ló ba ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́.

Dókítà ní ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ lórí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ara ò ní rí ti inú ìpara mọ́, kò sì ní tíì lè ṣe tiẹ̀, èèyàn lè ṣubú kó má dìde. Ó fún mi ní oògùn tí màá máa lò láràárọ̀ dípò ẹ̀, ó ní a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún màmá mi. Mo rọra ṣàlàyé ẹ̀ o.

"Ṣé májèlé ni mo wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ohun tó o sọ nìyẹn. Wọ́n ti rí ẹ gbà lọ́wọ́ mi."

Ó gé fóònù. Kò gbé e mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rírú ẹ̀ mọ́. Ojú mi bó, ó pọ́n, ó ń yọ omi. Ẹni tó bá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì á dìde. Dórótà gbé mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí n máa ká táwẹ́ẹ̀lì níbi tẹ́nì kan ò ti ní wò mí. Ó wá ká a pẹ̀lú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun fi purọ́ fún ìyá òun pé ọ́fíìsì lòun ti ń ṣiṣẹ́. A rẹ́rìn-ín títí. Mo wò ó, mo ní èyí náà mọ bó ṣe rí.

Ibi tí mo ti ń ká táwẹ́ẹ̀lì yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn, táwẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló kọ́kọ́ ń lo ìpara yẹn kó tó tà á? Màmá mi ni! Ara ẹ̀ làwọn oníbàárà ń wò. Kí n tó wọ iléèwé ló ti ń lò ó, ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ojú ẹ̀ roboto. Tó bá kírun tán, tó fẹ́ dìde, á di ògiri mú. Nígbà ààwẹ̀, òòyì ń kọ́ ọn, gbogbo wa ń sọ pé àgbà ló ń dé.

Tó bá wá lọ dá a dúró ńkọ́?

Mo pè é. Mo pè é. Mo fi ohùn ránṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún sínú fóònù. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gbé e, fídíò ló gbé e sí. Ó sùn gbalaja lórí àga.

"Màámi, ṣé ẹ ṣì ń lo ìpara yẹn?"

"Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Kó o lè rí i pé kò sóhun tó máa ṣe mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni. Oúnjẹ tí mo jẹ ò dúró nínú mi."

"Ẹ dìde, ẹ lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí!"

"Mi ò lọ. Ibà ni. Jẹ́ kí n sùn."

Mo bá gbọ́wọ́ kúrò lórí kámẹ́rà.

Ó wò mí. Ó sún mọ́ fóònù, ó ń wò mí ṣáá.

"Subuhana. Ta ló ṣe báyìí fún ẹ?"

Èmi àti òun jọ ń wo ara wa, ó sì yé e, mo rí i bó ṣe yé e.

"Kí ni kí n sọ fún wọn tí mo bá débẹ̀?" ló wí.

"Ẹ sọ ohun tó wà nínú báàfù, mà. Gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ẹyọ kan pa mọ́."

Ọ̀kadà kọ́ ló gbé e lọ, mo ní kí wọ́n wá mọ́tò. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní irú oògùn tèmi. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní ó dúró di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Màmá mi tí kì í jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ wo báàfù, iwájú nọ́ọ̀sì mẹ́ta àti aláìsàn méjì ló ti sọ bó ṣe ń pò ó, látìbẹ̀rẹ̀ dópin!

Oṣù mọ́kànlá nìyẹn. Kò fún tíúbù sí nǹkan kan mọ́. Òrí àti àdí àgbọn ló ń pò pọ̀ báyìí, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ra tàtijọ́ pé kí wọ́n má kàn jáwọ́, kí wọ́n lọ rí dókítà. Àwọn kan ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Wọ́n ní ó ti di oníwàásù.

Wàyí o! Láàárọ̀ yìí ni dókítà mi pè. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti dáa. Kọ́tísọ́ọ̀lù mi ti gòkè dé ibi tó yẹ, ara mi ló ń ṣe é fúnra ẹ̀, kí n jáwọ́ nínú oògùn. Nǹkan oṣù mi ti ń wá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Jẹ́ẹ̀lì ọjọ́sí tí kò ṣiṣẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́, irorẹ́ ò ju mẹ́ta lọ lójú mi, mo kà á! Mo sá lọ síbi àwọn ẹ̀rọ, mo pe màmá mi.

"Tèmi náà ti ń gòkè," ló wí. "Wọ́n ní ó kù díẹ̀, torí mo pẹ́ lórí ẹ̀. Gbọ́, mo ti ń dúdú o."

"Ẹ ti ń dúdú, mà?"

"Mo wo dígí láàárọ̀, ìyá mi ni mo rí níbẹ̀. Mo pariwo. Mi ò mọ̀ pé mo jọ ọ́ tó báyẹn."

Mo ké, mo fò sókè, mo gbá ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Dórótà sáré dé, ojú ẹ̀ ti funfun.

"Kí ló dé? Ṣé ìyá ẹ ni?"

"Màmá mi ti ń dúdú!"

Ó gbá mi mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní kí n ṣe ọkàn akin, òun bá mi kẹ́dùn àìsàn ìyá mi. Màmá mi gbọ́ ọ nínú fóònù, ó béèrè ohun tó wí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè dá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì lóhùn.